Ìgò Lọ́fíndà Ìyá Àgbà Kò Sí Nínú Ìwé Ẹjọ́ Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìgò ni mo gbé wá lónìí. Ìgò lọ́fíndà ni mo ń sọ, irú èyí tí àwọn ìyá wa àti àwọn ìyá ìyá wa ń tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn, tí lọ́fíndà inú rẹ̀ ti tán láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà nù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní irú rẹ̀ nílé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le: ẹ jẹ́ kí a kọ ìtàn àwọn ìgò yìí sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó ni wọ́n ṣì wà láyé, nítorí ohun kan wà nínú ìtàn wọn tí kò sí nínú ìtàn ìlú tí wọ́n ń sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Ọmọ Ìlobùú ni bàbá mi, ọmọ Ifọ́n ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ agbègbè Òṣogbo dáadáa á ti mọ ohun tí gbólóhùn yẹn gbé dání. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òrolú. Lórí ìwé, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni. Ní ojú ọ̀nà, àlejò tó ń kọjá lọ kò ní mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti ilé wa lọ kí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, n ó jẹun níbẹ̀, n ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà náà pé mo ti ré ààlà kọjá.

Òwò lọ́fíndà ni Ìyá Àgbà fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Òṣogbo àti Ìbàdàn ló ti ń ra ọjà. Á ra ìgò ńlá, á rọ ọ́ sínú àwọn ìgò kéékèèké, á sì máa gbé e kiri ilé dé ilé, láti Ifọ́n dé Ìlobùú dé Ẹrìn-Ọ̀ṣun. Àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà ni oníbàárà rẹ̀ jù lọ, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ìyàwó wọ ilé ọkọ láì ta sánsán. Àwìn ló ń tà á. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti iye tí oníkálukú jẹ, bí ẹni mọ orúkọ ọmọ inú rẹ̀.

Nínú gbogbo ìgò tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, méje ló yọ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Mo lè rí wọn báyìí tí mo bá dijú. Ìgò Bint el Sudan kékeré kan wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní Bíńtù, tí àwòrán ọmọbìnrin wà lára bébà rẹ̀. Ilẹ̀ Sùdáànì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́fíndà yẹn ní 1920, ó sì gba ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan. Ìgò aláwọ̀ aró kan wà. Ìgò funfun kan wà tí wọ́n fín òdòdó sí lára. Èyí tó ga jù lọ láàrin wọn pupa bí omi sóbò tí a gbé sójú oòrùn. Ó ní ìdí tó fẹ̀, ọrùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, àti òdòdó roboto roboto yíká ara rẹ̀. Àbúrò Ìyá Àgbà ọkùnrin tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ló mú un bọ̀ fún un ní 1978. Ìyá Àgbà sọ ìgò náà lórúkọ. Ìyàwó Òyìnbó ló ń pè é.

Nígbà tí ìyá mi ń lọ sílé ọkọ ní Ìlobùú, Ìyá Àgbà yọ Ìyàwó Òyìnbó kúrò láàrin àwọn yòókù, ó fi aṣọ wé e, ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Báyìí ni ìgò kan ṣe kọjá sí Ìlobùú, tí mẹ́fà ṣẹ́kù sí Ifọ́n.

Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn ìlú yìí ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ìjà ààlà tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ tún ru sókè. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ilé Ìyá Àgbà wà lára àwọn ilé tó jóná. Mi ò mọ ẹni tó dáná sí i, mi ò sì kọ àpilẹ̀kọ yìí láti wá a. Àwọn aládùúgbò ló gbé Ìyá Àgbà jáde, a dúpẹ́. Nígbà tí ọ̀nà là, a padà lọ síbẹ̀ láti wo ohun tó kù. Páànù ti wó lulẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ti di eérú. Ibi tí ìgò mẹ́fà náà wà tẹ́lẹ̀, ohun tí mo rí ni ìṣù gíláàsì kan tó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé. Búlúù àti funfun ti yọ́ wọnú ara wọn, eérú sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Gíláàsì ìgò a máa rọ̀ tí ooru bá ti tó nǹkan bí 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná ilé tó bá jó dáadáa lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà gba ìṣù náà lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Èwo nínú wọn nìyí?" Mi ò lè dáhùn.

Ìgò kan ṣoṣo tó kù nínú òwò ìyá Ifọ́n kan wà ní yàrá ìyàwó ilé kan ní Ìlobùú. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ìgò náà lẹ́yìn èyí ló mú mi gbé kálàmù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ mú un wá. Ó ya fọ́tò ìgò náà, ó fi wá irú rẹ̀ lórí ayélujára, ó sì rí i pé "1876" wà nínú orúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ní ìgò tó ti tó nǹkan bí àádọ́jọ ọdún rèé, àwọn òyìnbó tó ń ṣa ohun àtijọ́ jọ á fi owó ńlá rà á. Ó ní tí a bá tà á, a ó fi owó rẹ̀ kan òrùlé Ìyá Àgbà. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló ń dà á láàmú o. Ìyá tó sùn sórí ẹní ní pálọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wádìí ná.

Ohun tí mo rí rèé. Tí ẹ bá dojú ìgò náà délẹ̀, ẹ ó rí orúkọ Avon ní ìdí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ni, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ David McConnell ló dá a sílẹ̀ ní New York ní 1886. Ìwé ni McConnell ń tà kiri tẹ́lẹ̀. Ó máa ń fún àwọn oníbàárà ní lọ́fíndà díẹ̀ bí ènì, ó sì wá rí i pé ènì yẹn ni wọ́n fẹ́ràn ju ìwé lọ. Ó pa ìwé tì, ó gbá lọ́fíndà mú. California Perfume Company ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, 1939 ni wọ́n yí i padà sí Avon. Àwọn obìnrin ló ń bá wọn tajà láti ilé dé ilé, obìnrin àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni Ìyáàfin Albee ti ìlú Winchester ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Òwò tí Ìyá Àgbà ṣe ní Ifọ́n àti Ìlobùú ni. Àwa tí a mọ ìtàn àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn tí wọ́n sì ń lóṣòó dúró títí a ó fi san owó wọn, a mọ̀ pé irú òwò yẹn kì í ṣe tuntun létí wa.

Ní ti "1876" tí ẹ̀gbọ́n mi rí, orúkọ ọjà ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe ìgò náà. Ní 1975 ni Avon bẹ̀rẹ̀ sí gbé irú gíláàsì pupa yìí jáde, wọ́n sì pe gbogbo ẹbí rẹ̀ ní 1876 Cape Cod Collection. Cape Cod jẹ́ etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìlú Sandwich wà níbẹ̀, níbi tí Deming Jarves dá ilé-iṣẹ́ gíláàsì ńlá kan sílẹ̀ sí ní 1825. Ilé-iṣẹ́ yẹn gbajúmọ̀ fún gíláàsì tí a tẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù títí tí wọ́n fi tì í pa ní 1888. Àwòrán gíláàsì àtijọ́ ti Sandwich ni òdòdó roboto tó wà lára Ìyàwó Òyìnbó ń fara wé. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń wẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ìgò Ìyá Àgbà sì jẹ́ ọ̀kan tí wọ́n dìídì ṣe láti ṣiṣẹ́ méjì: lọ́fíndà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ sínú rẹ̀, tó bá tán, èèyàn á fi àbẹ́là sí ẹnu rẹ̀, á di ìdúró àbẹ́là.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí èèyàn fi lè mọ ọjọ́ orí ìgò, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n kí oníjìbìtì kankan má bàa fi èrú gba ohun ìní ìyá wa. Ẹ wo ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ìgò lọ sókè, ibi tí apá méjì mọ́ọ̀dù ti pàdé. Láyé àtijọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ gíláàsì sínú mọ́ọ̀dù, wọn á sì fi irinṣẹ́ parí ẹnu ìgò lẹ́yìn náà, nítorí náà ìlà yẹn sábà máa ń dáwọ́ dúró kó tó dé ẹnu. Ní 1903, Michael Owens ti ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe ẹ̀rọ tó ń dá ìgò ṣe láti ìdí dé ẹnu. Láti ìgbà yẹn ni a ti ń rí ìlà tó gun orí ẹnu ìgò kọjá. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò tí ìlà rẹ̀ gun orí ẹnu wá, tó ní láti ọdún 1850 ni, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Mo wá wo iye tí wọ́n ń ta irú Ìyàwó Òyìnbó. Ẹ̀rọ ló ṣe wọ́n, wọ́n sì pọ̀ bí ewé rúmọ̀. Dọ́là díẹ̀ péré ni wọ́n ń tà á. Owó rẹ̀ kò lè ra páànù tó máa bo igun ilé kan, áńbọ̀sìbọ́sí odindi òrùlé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Kí ni a wá ń tọ́jú ẹ̀ sí?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ bá Ìyá Àgbà. Mo gbé fóònù mi kalẹ̀, mo tẹ ẹ̀rọ ìgbohùn rẹ̀, mo gbé ìgò náà síwájú rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ sọ ti Ìyàwó Òyìnbó fún mi." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó lé ní wákàtí kan. Ó sọ bí àbúrò òun ṣe fi aṣọ ìlékè òtútù wé ìgò náà kó má bàa fọ́ nínú bàálù. Ó sọ nípa alẹ́ tí iná ọba lọ tí obìnrin kan ń rọbí, tí wọ́n sáré wá yá ìgò náà nítorí pé àbẹ́là kì í dúró dáadáa lórí àwo. Ó sọ orúkọ àwọn ìyàwó Ìlobùú tí òun ta lọ́fíndà fún kí wọ́n tó wọlé ọkọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Nígbà tó dé orí èyí tí kò tíì sanwó títí dòní, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ilé rẹ̀ ti jó. Ó ní ìgò òun ṣì wà nílé oníyẹn. Ó ní òun mọ orí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Ìtàn Ìlobùú tí gbogbo wa mọ̀ ni ti Láàróòsìn, ọdẹ tó tẹ ìlú dó. Ìtàn Ifọ́n tí gbogbo wa mọ̀ ni ti Olúfọ́n àti òrìṣà aláṣọ funfun. Ìtàn tó níyì ni méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, irú ìtàn yìí ni wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù: ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló fún ta ní ilẹ̀, igi wo ni ààlà. Ìtàn tí a bá ń sọ kí a lè fi jàre, ọ̀rọ̀ ìpínyà ló ń kún inú rẹ̀. Kò sí agbẹjọ́rò tó máa bèèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà iye ìyàwó Ìlobùú tó ta lọ́fíndà fún. Kò sí ìgbìmọ̀ ìwádìí tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgò kan rìn láti Ifọ́n dé Ìlobùú nínú aṣọ ìyàwó. Síbẹ̀, òtítọ́ ni èyí náà. Ẹ̀rí ni pé àwọn ìlú méjèèjì ti jẹ́ àna ara wọn, oníbàárà ara wọn, ajigbèsè ara wọn. Ìrẹ́pọ̀dùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí pé ìrẹ́pọ̀ ti dùn rí wà nínú yàrá àwọn ìyá, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀mí èèyàn lọ, ilé jóná, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ìgò?" Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú kò nílò ìgò mi. Ẹ̀mí ló ṣáájú, lẹ́yìn náà òrùlé, oúnjẹ, àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá ti bẹ ẹni tí ilé rẹ̀ jóná wò rí, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe páànù ni wọ́n ń sọ fún yín. Fọ́tò ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń sọ, aṣọ òkè ìyá wọn, àwo tánganran tí wọ́n fi ṣèyàwó. Páànù, èèyàn lè rà á padà lọ́jọ́ kan. Ìyá Àgbà gba àpò ìrẹsì àti ẹní lọ́wọ́ àwọn aláàánú, ó sì dúpẹ́. Ẹkún tó sun, orí ìṣù gíláàsì yẹn ló sun ún lé.

Àwọn mìíràn á ní ohun òyìnbó ni, kí ló kan ẹ̀ka Yorùbá nínú ìgò Amẹ́ríkà? Àwa gan-an ló kàn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ́fíndà fúnra rẹ̀. Láti inú "lavender" ló ti wá, orúkọ òdòdó kan ṣoṣo. Èdè wa kò ní ìró v, a sọ ọ́ di f, a fi ohùn sí i, a sì fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ títí ó fi gba gbogbo omi olóòórùn dídùn láyé. Lónìí, ta ló lè sọ pé lọ́fíndà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá? Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di tẹni náà ni ohun ìlò ṣe ń di tẹni. Ìgò tí wọ́n ti sọ lórúkọ, tí wọ́n ti fi gbẹ̀bí, tí wọ́n ti fi sin ìyàwó, ó ti di tiwa.

Gíláàsì kò sì ṣàjèjì sí wa. Ní Ìgbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá ti wa ilẹ̀ ní 2011 sí 2012, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sí. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé àpòpọ̀ gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti àwọn gíláàsì tó ń wá láti òkèèrè. Àwọn baba wa ló po ó fúnra wọn. Ní Bídà, àwọn Másàgá, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ gíláàsì láàrin àwọn Núpé, ń yọ́ ìgò tí àwọn èèyàn ti lò tán, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ó ti pẹ́ tí ìgò àlòkù ti ń di ohun ẹ̀ṣọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ẹ tún wo bí ti Ifẹ̀ ṣe di mímọ̀: ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ń rò pé gbogbo gíláàsì ibẹ̀ láti òkèèrè ló ti wá. Ìgbà tí ẹnìkan jókòó ti àfọ́kù, tó kà á, tó wọ̀n ọ́n, tó kọ ọ́, ni ìtàn yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti Amẹ́ríkà tí ìgò wa ti wá. Ìlú kan wà ní gúúsù New Jersey tó ń jẹ́ Millville. Ibẹ̀ ni Theodore Wheaton, tó jẹ́ apògùn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgò ní 1888, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó wá ń ṣe ìgò fún Avon. Ní àwọn ọdún 1960, Frank Wheaton, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣèbẹ̀wò sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gíláàsì ní Corning, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó rí i pé gíláàsì tí wọ́n ṣe ní gúúsù New Jersey pọ̀ níbẹ̀, nígbà tí agbègbè tó ṣe wọ́n kò ní ibì kankan tí wọ́n kó wọn sí. Ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Museum of American Glass ní Millville, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Owó wà lọ́wọ́ tiẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, ojú ló kọ́kọ́ lò. Ó wo ìgò tí gbogbo èèyàn ń dà nù, ó sì rí ìlú rẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwa kò lówó láti kọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ kí a gba ohun ìní ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ìgò bá wà, kó wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka wa fún ni pé kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, nígbà tó bá lọ sílé fún ìsinmi, jókòó ti àgbàlagbà kan ní yàrá rẹ̀, kó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ya fọ́tò ohun kan ṣoṣo. Kó kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: orúkọ tí onílé ń pe ohun náà, ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ rẹ̀, àti àwọn ènìyàn tó ti lò ó. Kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Tí onítọ̀hún bá ní kí a má fi orúkọ òun síta, kí a má fi síta. Nínú ìtàn oníwákàtí kan tí Ìyá Àgbà sọ, ọ̀rọ̀ tó ju ogún lọ wà nípa òwò lọ́fíndà, ìwọ̀n rẹ̀ àti oríṣi òórùn rẹ̀, tí n kò gbọ́ rí. Èmi tí mò ń kàwé gboyè nínú èdè yìí ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí àwọn olùkọ́ wa bá lè gba irú iṣẹ́ yìí wọlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá, ọdún márùn-ún péré ni a ó fi ní àkójọ tí kò sí irú rẹ̀ níbikíbi. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà lókè òkun, ẹ̀yin náà lè bá wa wádìí ohun tó wà ní ìdí ìgò, nítorí pé ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá.

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ pàtàkì kan sí ẹ̀yin ọmọ Ìlobùú, ọmọ Ifọ́n àti ọmọ Ẹrìn-Ọ̀ṣun tí ẹ wà nínú ẹ̀ka yìí. Mo mọ̀ pé a kì í jókòó pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ ẹni tó kúrò nínú gírúùpù WhatsApp, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò tó bẹ́ẹ̀: ẹ bi ìyá àgbà yín léèrè ohun kan ní yàrá rẹ̀ tó wá láti ìlú kejì. Ẹ má ṣe dá a lóhùn, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ní kò sí, ẹ kọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ohun kan á wà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà tí mo gbà sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ̀rọ̀ pé ká ta ìgò mọ́. Ó ti ń bá àwọn mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀ lórí owó páànù, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Ìyàwó Òyìnbó ṣì wà ní yàrá ìyá mi ní Ìlobùú. Ìyá mi ní òun fẹ́ dá a padà fún ìyá òun nítorí pé ti ìyá òun ti tán. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní a kì í gba ẹ̀bùn ìyàwó padà. Ó ní bí wọ́n bá ti kan òrùlé òun tán, òun á wá kí ìgò náà ní Ìlobùú, òun á sì yà sílé ẹni tó jẹ òun lówó lọ́fíndà, nítorí pé òun kò tíì dárí gbèsè yẹn jì í.